Ohun Tí Àwòko Kò Lè Sọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe le tó, ẹ má bi ẹni tí kò rí ẹni fẹ́. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jẹun ni kí ẹ bi. Obìnrin kan wà tí gbogbo ilé eré ń pè ní Àwòko nítorí ohùn rẹ̀. Ní alaalẹ́, àti lọ́sàn-án Sátidé, á wọ aṣọ pupa tó ń dán, á wo ojú ọkùnrin kan lórí ìtàgé, á sì sọ fún un pé òun kò lè mí bí kò bá sí níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú á máa nu ojú. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tó fẹ́ gan-an bá jókòó tì í, tó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ á wúwo bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín.

Ọkàn Kì í Gbó ni orúkọ eré náà. Orin sóòlù àtijọ́, orin ìfẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi hun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn orin tí àwọn òbí wa jó sí nígbà tí ìbàdí wọn ṣì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Olùdarí eré rò pé àwọn arúgbó nìkan ni yóò wá wò ó. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, àwọn yẹn sì tún padà wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ẹnu tó ti kọ àwọn orin náà kò lóǹkà, síbẹ̀ wọn ò ṣá. Àwòko máa ń rò ó nígbà mìíràn pé orin ò ṣá, àmọ́ bóyá olórin ń ṣá.

Nígbà ìdánrawò ni òun àti ọkùnrin tó fẹ́ yìí, Atẹdùùrù, pàdé. Nínú orin sóòlù, ibì kan wà tí àwọn tó ń lu ohun èlò máa ń yí ìlà orin kékeré kan po lójú kan náà, tí olórin á dá orin dúró, á sì máa bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Ibẹ̀ ni orí Àwòko ti ṣófo lọ́jọ́ náà. Kò rántí ọ̀rọ̀ kankan. Onílù dúró, onígìtá dúró, àwọn tó ń fọn fèrè gbé fèrè sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń wò ó. Dùùrù nìkan ni kò dúró. Ó ń yípo lójú kan náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà wá sí i lẹ́nu, dùùrù bá a gbéra bíi pé bí wọ́n ṣe jọ ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Ó lọ sí etí ìtàgé lẹ́yìn ìdánrawò, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú Kòtò, èyíinì ni ibi jíjìn tó wà níwájú ìtàgé, níbi tí àwọn tó ń lu ohun èlò ń jókòó.

"Ta ló ń tẹ dùùrù yẹn?"

Ọkùnrin kan gbé ojú sókè. Ó wọ gíláàsì ojú tó fi òwú di apá rẹ̀ kan. "Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Kí ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró dè mí."

"Mo gbọ́ pé ẹ ò tíì mí ni."

Àwòko rẹ́rìn-ín. Kò bi í bó ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kì í wá ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń "ẹ" ara wọn nìyẹn títí "ẹ" fi di "o". Wọ́n jọ ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, wọ́n jọ ń mu tíì nínú ife kan nígbà tí ife bá wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí òjò há wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé eré, Atẹdùùrù sọ fún un pé, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Àwòko ní, "Mo mọ̀." Nígbà tó mú òrùka wá, Àwòko ní òun yóò fẹ́ ẹ, ó sì sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kò jáde. Ó ń dùn ún. Ìfẹ́ kún inú rẹ̀, àmọ́ bó bá ti fẹ́ sọ ọ́, ohùn tó fi ń sọ ọ́ lórí ìtàgé ló máa ń sáré wá, pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ àti ojú dídì rẹ̀. Ohùn yẹn ni gbogbo ayé ti gbọ́. Ó sàn kó dákẹ́.

Àwọn òbí Àwòko kò ṣe wàhálà rárá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀. Ìyá Atẹdùùrù ló kù.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ, àga rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì máa ń rìn lára ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkánjú. Ó fún wọn lómi, ó jókòó.

"Mo ti wo eré yín."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Àwòko wí.

"Mi ò tíì yìn ọ́." Màmá tún ìró rẹ̀ ṣe. "Ọkùnrin gíga tó ń gbá ọ mọ́ra yẹn, ṣé àpọ́n ni?"

"Rárá, mà. Ó níyàwó nílé."

"Ìyẹn ló tún wá burú jù."

"Eré ni, mà." Àwòko fẹ́ sọ pé Gíga, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin náà, fẹ́ràn àlùbọ́sà tútù, àti pé ẹni tó bá gba èémí rẹ̀ sójú kò ní ro ìfẹ́. Ó gbé e mì.

"Mo mọ eré. Èmi náà ṣe eré níléèwé. Áńgẹ́lì ni mo ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbá mi mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ni mò ń bi ọ́ nípa ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wà láyé lo ń sọ fún ọkọ ọlọ́kọ ní gbangba. Kí ló wá kù fún ọmọ mi?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó ti sọ fún ọ rí pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ?"

Àwòko wo Atẹdùùrù. Atẹdùùrù ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Rárá, mà. Kò tíì sọ ọ́."

Kò fi ohunkóhun kún un. Màmá mi orí bí ẹni tó ka èsì àyẹ̀wò tó ti retí. "Ó dáa. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ra yín. Ṣùgbọ́n kó fi ìtàgé sílẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ká mú ọjọ́."

Wọ́n rìn dé ibùdókọ̀. Ohun tó ń ba Àwòko nínú jẹ́ kì í ṣe pé Màmá le. Ó ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni Màmá sọ. Bóyá òun ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ òun tán sórí ìtàgé lóòótọ́, tó jẹ́ pé èérún ló kù fún ilé. Bó bá sì fi orin sílẹ̀, kí ló máa mú wọlé ọkọ? Ara lásán.

Ìyá Aláṣọ ló gba iṣẹ́ alárenà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń rán aṣọ eré, òun náà ló ń ran Àwòko lọ́wọ́ láti pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé láàárín orin kan sí èkejì. Ó ti wà nílé eré látayébáyé, kò sì sí ìjà tọkọtaya tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́.

"Màmá yẹn wò ọ́ ni," ó sọ fún Àwòko. "Kò tíì gbọ́ ọ. Màá mú un wá lọ́sàn-án Sátidé. Fi ibi tó máa jókòó sí sílẹ̀ fún mi."

Kò sọ fún un pé inú Kòtò ni òun fẹ́ fi Màmá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, níbi tí kò ti ní rí Gíga tàbí apá Gíga. Ọgbọ́n àgbà ni. Nígbà tí ìlù ìgbáradì fẹ́ di Màmá létí, wọ́n bá a wá ẹ̀rọ etí kan tó ń gbé ohùn wọ etí, irú èyí tí Atẹdùùrù ń lò, kó lè gbọ́ orin dáadáa. Ojú Atẹdùùrù yí padà bó ṣe rí i tí ìyá rẹ̀ gbé e bọ orí. Ṣùgbọ́n onílù ti gbé ọ̀pá ìlù sókè, eré ti bẹ̀rẹ̀.

Eré náà dùn lọ́jọ́ náà. Àwòko kọrin bí ẹni tí wọ́n ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn orin àjọkọ òun àti Gíga, ó sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, Ìyá Aláṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa sípù ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ ò rí i pé mò ń gbọ̀n?"

"Mí, ọmọ mi. Gbé apá sókè."

"Ìyá, ẹ̀rù obìnrin yẹn ń bà mí. Ó ń wo èèyàn bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gún lábẹ́rẹ́."

"Gbé apá kejì."

"Tí wọ́n bá ní dandan ni, màá fi ìtàgé sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Màá fi í sílẹ̀. Àmọ́ mo mọ ara mi. Lọ́jọ́ kan màá wo ojú ẹ̀ nídìí oúnjẹ, ohun tí mo fi sílẹ̀ nìkan ni màá rí." Ó nu ojú, kó má ba àtíkè jẹ́. "Màmá ẹ̀ ní kí ló kù fún ọmọ òun. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò lè sọ ọ́. Tí mo bá ti la ẹnu, ohùn eré ló ń jáde. Ṣé kí n wá fún un ní àlòkù?"

"Ó tó. Aago ti lù."

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e, kí àwọn ènìyàn tó rí i. Òun àti dùùrù ni wọ́n jọ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì tíì yẹ̀ rí. Ó mí kanlẹ̀. Dùùrù kò dún.

Ó dúró. Inú gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ó tún mí, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn, ó la ẹnu, ó dá kọrin náà, ohùn òfìfo láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì kí dùùrù tó wọlé, bí ẹni tó pẹ́ dé tó ń yọ́ jókòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Àwòko nìkan ló mọ̀ pé wọ́n já òun jù sílẹ̀.

Ó ń nu ojú níwájú dígí lẹ́yìn eré nígbà tí Màmá wọlé. Àwòko kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Màmá wí. "Mo ti wò ọ́ láti òkè délẹ̀. Mi ò rí ibi tí mo máa gún lábẹ́rẹ́."

Àwòko wo Ìyá Aláṣọ tó ń ká aṣọ nítòsí. Ìyá Aláṣọ mi orí pé òun kọ́.

"Ẹ̀rọ etí yẹn ni," Màmá wí. "Gbogbo ohun tó o sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé ló wọlé sí i. Ọmọ mi sáré mú ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó fẹ́ yọ ọ́ lórí mi, mo di í mú. Mo rò pé ẹ jọ mọ̀ ni. Ó ní bóun ṣe máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ nìyẹn."

"Lójoojúmọ́, mà?"

Ìgbà yẹn ni Màmá rí i pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ kóun sọ. Àwòko ti jáde.

Nínú Kòtò, Atẹdùùrù ń fi aṣọ bo dùùrù. Ó rí i tó ń bọ̀, ó dúró.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀." Kò díbọ́n pé òun ò mọ ohun tó ń sọ. "Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní kí n máa gbọ́ èémí rẹ láti inú gbohùngbohùn tó wà lára rẹ, kí n lè mọ ìgbà tí mo máa wọlé. Kì í pa á láàárín orin, torí pé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lo ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà..."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé o máa ń kọrin sínú tó o bá ń pààrọ̀ bàtà. Mo mọ̀ pé tí n bá sọ fún ọ, wàá dákẹ́."

"Kì í ṣe orin nìkan ni mò ń kọ níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ti sọ fún Ìyá Aláṣọ tipẹ́ ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ. Nígbà tí Màmá bi ọ́, o ti mọ̀ ọ́n."

Atẹdùùrù ń ká etí aṣọ dùùrù.

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Tí mo bá gbèjà rẹ, màá ní láti sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ."

"O wá ń wo kápẹ́ẹ̀tì. O jẹ́ kí wọ́n wò mí bí ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ rẹ, kó o ṣáà lè máa jí ohùn mi gbọ́."

Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sórí dùùrù níbi tí wọ́n ń tẹ̀. Kò wúwo tó láti mú un dún.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ kò dúró de ìbínú, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí ara wọn. Àwòko sọ fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn pé kó máa pa gbohùngbohùn òun bí òun bá ti kúrò lójú àwọn ènìyàn, kó má ṣí i títí orin yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orin ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ń tiro. Lónìí dùùrù á ṣíwájú rẹ̀, lọ́la á kẹ́yìn. Gíga ní wọ́n ń ṣe bí ẹni méjì tó ń kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Olùdarí eré pe Àwòko sí ọ́fíìsì.

"Sóòlù là ń ṣe, kì í ṣe ìjà ogún. Tí kò bá tún ṣe kó tó di òpin oṣù, màá wá atẹdùùrù mìíràn. Ìwọ làwọn èèyàn ń wá wò. Ṣó tẹ́ ọ lọ́rùn bẹ́ẹ̀?"

Ó yẹ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ń bínú sí Atẹdùùrù, ó sì ń fẹ́ ẹ, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ó ń lọ aṣọ nínú yàrá rẹ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá ni, pẹ̀lú agbòjò.

"Ẹ wọlé, mà. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Ó wà. Mo wá ṣe alárenà."

"Ẹ̀yin, mà?"

"Èmi náà. Ayé ti yí." Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi agbòjò sáàárín ẹsẹ̀. "Pa áyọ́ọ̀nù yẹn kó má bàa jó aṣọ. Ọmọ mi jẹ̀bi. Mi ò wá sọ pé kò jẹ̀bi, mo ti fi ẹnu mi nà án. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ yẹn ló gbé mi wá. O ní o ò fẹ́ fún un ní àlòkù."

Àwòko tẹ orí ba.

"Mo ṣe nọ́ọ̀sì títí irun mi fi funfun. Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ jù? Pẹ̀lẹ́. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń rọbí, mo sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn. Nígbà míì, ọbẹ̀ tí mo gbé kaná nílé ni mò ń rò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí bàbá wọn wá dùbúlẹ̀, tí mo mọ̀ pé wọn ò ní dìde, mo jókòó tì wọ́n, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò rí ọ̀kan. Pẹ̀lẹ́ náà ni mo sọ."

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Wọ́n ní, 'O ṣeun.' Wọn ò bi mí ẹni mélòó ni mo ti sọ ọ́ fún." Màmá ń tẹ ẹnu agbòjò mọ́lẹ̀. "Mo gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń bi ọ́ ní ìbéèrè bí adájọ́. Àgbà náà ń gbàgbé. Má fi ìtàgé sílẹ̀, mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Tó ò bá sì fẹ́ ọmọ mi mọ́, torí ohun tó ṣe, mi ò ní bínú, o lẹ́tọ̀ọ́. Ṣáà má kọ̀ ọ́ torí pé o rò pé ọ̀rọ̀ ti gbó mọ́ ọ lẹ́nu."

Lẹ́yìn tí Màmá lọ, Àwòko jókòó ti aṣọ tó ti tutù. Ó ń sunkún, kò sì mọ ti ẹni tó ń sun, bóyá ti ara rẹ̀ ni, bóyá ti ọkùnrin kan tí kò rí rí tó sọ pé "O ṣeun."

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú Kòtò. Atẹdùùrù ti wà níbẹ̀. Ó fẹ́ dìde.

"Jókòó." Àwòko fa àpótí onílù, ó jókòó tì í. "Kò sí gbohùngbohùn lára mi. Ohun tí mo bá sọ nísinsìnyí, mo mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Tó o bá tún gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ, o máa sọ fún mi."

"Màá sọ fún ọ."

"Tí Màmá bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè nípa mi, ojú wọn lo máa wò."

Atẹdùùrù ronú sí ìyẹn. "Ó máa nira o."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n màá wò ó."

Àwòko la ẹnu. Ohùn eré sáré gòkè wá sí i lọ́fun, ó gbé e mì. Ó tún gbìyànjú. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Ó jáde tínínrín, ó há láàárín, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Láti ìgbà tó ti di olórin, kò tíì sọ ohun tó burú létí tó bẹ́ẹ̀.

Atẹdùùrù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún. "Mi ò gbọ́ dáadáa."

"O gbọ́ ọ," ni Àwòko wí. "Sọ fún Màmá kí wọ́n mú ọjọ́. Kó ṣáà má jẹ́ Sátidé. Mo níṣẹ́ ní Sátidé."